Ta Ni Aláṣẹ Ń Jíhìn Fún?

Ní ìhà Ìgbómìnà tiwa yìí, láti Ìlá-Ọ̀ràngún dé Òkè-Ìlá, àjò kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àwa tí a ti gbọ́njú lọ́dún 1969 mọ bí àwọn ará wa tó ń gbé Gáná ṣe wọlé dé káàkiri ilẹ̀ Ọ̀ṣun, tàwọn ti maṣíìnì ìránṣọ àti ọmọ tó gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ. Ìjọba Kofi Busia, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn, ló pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi Gáná sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àṣẹ náà dùn mọ́ ọ̀pọ̀ olùdìbò. Àlejò ò kúkú ní ìbò. Ta ni yóò gbè é lẹ́yìn?

Bí aláṣẹ ṣe ń fi àlejò wá ojúure olùdìbò nìyẹn. Ti Niger gba ọ̀nà mìíràn: ojúure ẹni tí kò dìbò fún un rárá, ìyẹn Yúróòpù, ni aláṣẹ ibẹ̀ wá.

Ní Agadez, létí aṣálẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ ni kíkó èrò lọ sí Líbíà. Hilux kan, èrò jókòó yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká, ẹsẹ̀ wọn ń fì níta, kálukú di igi tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ mú, kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n fi àpò wé rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ tiwa náà wọ̀ ọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2015, ilé aṣòfin Niger sọ iṣẹ́ náà di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, àwọn olórí Yúróòpù pe àwọn olórí Áfíríkà sí Valletta ní Malta, wọ́n sì gbé owó kalẹ̀ láti dín àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn kù, bílíọ̀nù 1.8 yúrò fún ìbẹ̀rẹ̀. Niger wà lára àwọn tó jẹ nínú rẹ̀ jù. Láti 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọkọ̀, tí wọ́n ń ti awakọ̀ mọ́lé, bẹ́ẹ̀ àdéhùn ECOWAS ti 1979 gbà wá láyè nígbà náà láti wọ Niger láìgba físà.

N kò ní kí wọ́n má ṣèrànwọ́. Àwọn ará Borno tí Boko Haram lé jáde rí ibi forí pamọ́ sí ní Diffa ní Niger, owó ìrànwọ́ ló sì ń bọ́ púpọ̀ nínú wọn. Aṣálẹ̀ náà sì ń pa ènìyàn. Àmọ́ ọwọ́ tó ń fúnni ló ń lékè. Nígbà ìbò ààrẹ Niger ní 2016, ẹ̀wọ̀n ni Hama Amadou, ẹni tó ń bá Ààrẹ Issoufou dupò, wà; owó Yúróòpù kò torí ìyẹn dáwọ́ dúró.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, ológun gbàjọba lọ́wọ́ Bazoum, ààrẹ Niger tí wọ́n dìbò yàn. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, wọ́n wọ́gi lé òfin 2015 náà, inú Agadez sì dùn. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn: ohun tí aṣòfin tí aráàlú yàn gbà lọ́wọ́ aráàlú, oníbọn ló dá a padà. Ológun kì í sì í jíhìn fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin aṣòfin wa l'Ábújá, àdéhùn yòówù tó bá kan àtìpó àti ogúnléndé, ẹ kà á sí gbogbo wa létí kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.