Làkúrègbé àti Kòkòrò Inú Ìfun

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí oríkèé bá wú, ọwọ́ tí ń dunni ni à ń wò. A kì í ro ti ikùn. Ṣùgbọ́n làkúrègbé kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ ara ni wọ́n yíjú padà tí wọ́n ń ba oríkèé onílé jẹ́.

Ní 1968, Dókítà Brian Greenwood kọ̀wé láti Ìbàdàn pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ilé ìwòsàn ibẹ̀. Ó rò pé ibà àti àwọn àfòmọ́ mìíràn ni ó ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun náà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn yẹ inú ìfun wò. Ní 2010, a rí i pé kòkòrò Prevotella pọ̀ nínú ìfun àwọn ọmọdé abúlé kan ní Burkina Faso, àwọn tí ń jẹ jéró àti ọkà bàbà. Ní 2013, a tún bá ẹ̀yà rẹ̀ kan lára àwọn tí làkúrègbé yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní New York. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tìtorí orúkọ dá kòkòrò lẹ́bi. Ìdílé, oúnjẹ àti ẹ̀yà kòkòrò náà lè mú ìyàtọ̀ wá.

Ìyá kan ní àdúgbò wa ní Gardnersville kì í lè fún aṣọ ní òwúrọ̀. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó tètè rí dókítà, nítorí oríkèé tí ó bá bàjẹ́ kì í sábà padà bọ̀ sípò. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀: ìlera ni oògùn ọrọ̀.