Ẹnu La Fi Ń Ná Ọjà

Ẹ̀yin ọmọ Okun, níbikíbi tí ẹ bá wà, Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọjà ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ọjà ni àwa tí a dàgbà ní Kàbà ti kọ́ púpọ̀ nínú ìwà tí a ń hù. Ìyá mi a máa sọ pé bí èèyàn bá fẹ́ mọ ẹni tí ilé tọ́, kó dúró tì í níbi tó ti ń ná ọjà, nítorí ibẹ̀ ni sùúrù ti ń hàn, ibẹ̀ ni irọ́ ti ń hàn, ibẹ̀ náà la ti ń rí ẹni tó ka ọmọnìkejì rẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ ọjà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ẹsẹ̀ ti ń ró lójú ọ̀nà. Àwọn Búnú á gbé òwú àti aṣọ híhun wọn dé, àwọn Ìyàgbà á ru iṣu, àwọn Ìjùmú á gbé kọfí àti epo pupa wá, àwọn ìyá Ebira á ti Òkénè kó aṣọ tiwọn náà dé, àwọn Nupe á gbé ẹja gbígbẹ tí wọ́n pa nínú Odò Ọya gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja wọlé, àwọn Hausa á tẹ́ àlùbọ́sà, kánún, ẹ̀pà àti tìróò sílẹ̀, àwọn oníṣòwò Ìkàrẹ́ á sì tú ẹrù sílẹ̀ nínú lọ́rì pẹ̀lú ariwo. Òórùn irú á kọlu ti ẹja, ti kẹrosíìnì á kọlu ti àkàrà tó ń dín nínú epo, eruku á bo gbogbo rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó bìkítà. Ní ẹ̀gbẹ́ kan níbẹ̀ ni ìyá mi máa ń jókòó sí, pẹ̀lú iyọ̀, ìṣáná, abẹ́rẹ́, òwú ìránṣọ, ṣúgà oníhóró àti ọṣẹ tí wọ́n ń gé sí wẹ́wẹ́.

Kò sí iye kankan tí wọ́n kọ sára ọjà nígbà náà. Ẹnu la fi ń ná an. Ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀ á kọ́kọ́ kí ìyá mi, á béèrè àlàáfíà ilé, á tún béèrè bóyá ọmọ tó ń ṣàìsàn ti gbádùn, kó tó wá bi í pé, “Èló lẹ wá ń ta módù kan?”

“Sísì ni.”

“Ẹ gba tọ́rọ́.”

“Ó kù. Ẹ fi kún un.”

“Ẹ gba kọ́bọ̀ mẹ́rin. Iye tí ìyá tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn kí n tó gòkè wá.”

Ìyá mi kò ní bínú. Kò ní sọ pé irọ́ ni, kò sì ní ba ọjà ẹnìkejì rẹ̀ jẹ́. Ohun tó máa sọ ni pé, “Iyọ̀ tirẹ̀ náà dáa. Ẹ lọ rà á lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì bá mi kí i.” Ẹni tó ń rà á á rẹ́rìn-ín, á ní òun gba kọ́bọ̀ márùn-ún, ìyá mi á ní ó gbà. Á wọn módù náà títí yóò fi kún dé orí, á wá tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Èènì nìyẹn. Kì í ṣe ìwé ẹ̀dínwó ni wọ́n gé kí wọ́n tó rí i gbà, kò sì ní ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹni tó bá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ pẹ́ ni èènì rẹ̀ ń pọ̀ jù, opó àti aláboyún náà sì ní ìpín tiwọn níbẹ̀ láìbéèrè.

Ìnájà ní òfin tirẹ̀, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ rárá. Bí o bá dá iye kan, tí ọlọ́jà sì ní ó gbà, o ti rà á nìyẹn. Ẹni tó bá tún yíjú padà lẹ́yìn ìyẹn, ìtìjú ló gbé lọ sílé. Bí ẹlòmíràn bá ń ná nǹkan lọ́wọ́, o kò gbọdọ̀ ná an lé e lórí. O máa dúró títí yóò fi rà á tàbí títí yóò fi kọjá. Bó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ dé ibi àtẹ láàárọ̀, o kò ní fi ìnájà dá ọlọ́jà lágara nígbà tí o mọ̀ pé o kò ní rà, nítorí owó àárọ̀ ni yóò la ọ̀nà fún ọjà ọjọ́ náà. Ọlọ́jà náà kò sì gbọdọ̀ bú ẹni tó dá iye tó kéré. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó. Ọ̀rọ̀ rere la fi ń dín owó nígbà náà.

Nígbà tí mo ka ìwé mi tán, mo rí iṣẹ́ sí sọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́ kan, mo sì wá di ẹni tó ń dúró lẹ́yìn kántà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òwò òyìnbó ti pẹ́ lágbègbè wa. Lọ́kọ́ja tí kò jìnnà sí wa ni Royal Niger Company fi ṣe ọ̀kan nínú ibùdó rẹ̀ kí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1900. Ilé-iṣẹ́ Lever ra òwò náà ní 1920, ní 1929 ni wọ́n sì da á pọ̀ mọ́ òmíràn tó wá di UAC. Àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló mú àṣà iye kan ṣoṣo wọ inú sọ́ọ̀bù. Ní sọ́ọ̀bù tiwa, ìwé tí wọ́n kọ iye gbogbo ọjà sí ń ti òkè dé, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ohun tó bá sì wà níbẹ̀ ni a ó gbà. Bí owó bá dín lálẹ́ nígbà tí a bá kà á, inú owó oṣù ẹni tó tà á ni wọ́n ti máa yọ ọ́.

Mo rántí ìyá àgbà kan tó ti abúlé wá ra abọ́ tánganran kan tí wọ́n ya òdòdó sí nínú. Ó gbé e, ó fi ìka kàn án kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún, ó yí ìdí rẹ̀ wò bóyá ó ha, ó wá ná an. Mo ní ìyá, a kì í dín in. Ó rò pé bí àwa ọlọ́jà ṣe ń sọ̀rọ̀ ni, ó bá fi kọ́bọ̀ mẹ́ta kún un. Mo tún ní ìyá, iye tó wà lára ògiri ni. Ó gbójú sókè wo ìwé náà, ó bi mí pé, “Ta ló wá lè dín in?” Mo ní ọ̀gá ni, ọ̀gá sì wà ní Lọ́kọ́ja. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹni tí kò láṣẹ lórí owó, kí ni wọ́n wá fi ọ́ síwájú ọjà fún?” N kò rí èsì fún un. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó ka owó náà pé pérépéré, ó sì súre fún mi. Ó ní òun rí i pé kì í ṣe pé n kò fẹ́, wọn kò fún mi láṣẹ ni. Ìyá tí kò mọ ìwé kà mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kọ̀ àti ẹni tí kò lágbára. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé lónìí ni kò mọ̀ ọ́n.

Wàhálà ti bá wa jà ní kántà láti ìgbà náà wá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, ìjọba mú náírà wọlé, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ẹ rò ó wò: láyé wa, kọ́bọ̀ méjìlá ló ń jẹ́ ṣílè kan. Ìyá arúgbó á mú ṣílè kan wá, á ra nǹkan kọ́bọ̀ mẹ́rin, á na ọwọ́ kí a fún òun ní ṣéńjì kọ́bọ̀ mẹ́jọ, a ó sì fún un ní mẹ́fà. Sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, tọ́rọ́ di kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀, ìyẹn ni wọ́n sì ṣe rọ ààbọ̀ kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n ń tà ní kọ́bọ̀ kan àtijọ́ kò sọ̀ kalẹ̀. Kọ́bọ̀ kan tuntun ni wọ́n tún ń tà á, bẹ́ẹ̀ ìyẹn tóbi ju ti àtijọ́ lọ. Lójú àwọn èèyàn, àwa tí a wà lẹ́yìn kántà la fi ọgbọ́n jí owó wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni owó Udójì dé, ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, ọjà sì gbówó lórí mọ́ àgbẹ̀ tí kò gba nǹkan kan.

Ọdún 1984 ló wá burú jù. Láti 1970 ni ìjọba ológun ti ṣe òfin ìdíyelé ọjà, ṣùgbọ́n nígbà tí Buhari gba ìjọba ní òpin 1983, àwọn sójà fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà. Mílíìkì, ṣúgà, òróró àti ọṣẹ ìfọṣọ ti di ohun tí èèyàn ń tò fún láti òwúrọ̀ kùtù. Wọ́n ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ẹ́sẹ́ńkò. Oníbàárà á dé, á ní lánàá òde yìí ni wọ́n ta mílíìkì ní iye báyìí ní Lọ́kọ́ja lábẹ́ ìbọn, dandan ni kí o tà á fún òun ní iye kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ń lọ pe sójà. Kò bi ọ́ ní iye tí o rà á. Wọ́n na àwọn kan, wọ́n tú ẹrù àwọn mìíràn fún èrò. Inú àwọn tó rí i rà dùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà náà tán, ta ló tún máa lọ gbé òmíràn wá? Àtẹ ṣófo, ohun tó kù sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Ìjọba yí, a kúrò ní Kwara tí a ti wà láti 1967, a bọ́ sí Kogí ní 1991. Ṣùgbọ́n ohun tí ìbọn bà jẹ́ nínú ọjà, n kò rí i kó tún dára.

Nísinsìnyí, ibi gbogbo ti di ilé ọjà onídígí. Ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, wọ́n lẹ iye mọ́ gbogbo nǹkan, ọmọdébìnrin kan á jókòó sídìí ẹ̀rọ ìṣirò, á máa fi iná pupa yẹ ọjà wò. Mo rí okùnrin kan tó gbé fóònù sójú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó ní iye tí wọ́n ń ta ohun tí òun fẹ́ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyí, kó dín in dé ibẹ̀. Ọmọ náà ní, “Ẹ má bínú sà, ẹ̀rọ kò ní gbà á.” Okùnrin náà pè é ní olè, ó pè é ní òpè, ó da ẹrù sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì lọ. Kò kí i nígbà tó dé, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú àwa tó tò sẹ́yìn rẹ̀ tó tètè bá a wí àfi èmi àgbàlagbà.

Ọmọ àbúrò mi kan ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀, ilé ìtajà fúnra wọn ló ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀dínwó. Tesco ti ní káàdì oníbàárà láti 1995, àwọn ilé ìtajà mìíràn sì ń ṣèlérí pé iye tí ẹnìkejì bá ń tà á làwọn náà yóò gbà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní àwọn èèyàn a máa mú ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá wá, tàbí ìwé ti ọṣẹ tí wọ́n fẹ́ fi ra ìpara, bó bá sì ní kò gbà, èébú dé, nígbà mìíràn láti ẹnu ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀. Kì í ṣe òun ló kọ ìwé náà. Àwọn baba wa ní arán-ni-níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ọmọ tí ẹ ń bú yìí, ẹni tó rán an níṣẹ́ ló ń bẹ̀rù, nítorí ọwọ́ onítọ̀hún ni owó oṣù rẹ̀ wà.

N kò ní kí ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ yín jẹ. Àwọn ọlọ́sọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ń lẹ iye kan mọ́ pẹpẹ, tí ẹ̀rọ wọn á sì ka òmíràn jáde. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà ju iye tó kọ síta lọ, bó bá sì kọ méjì, èyí tó kéré ni oníbàárà máa san. Ẹ̀tọ́ yín nìyẹn. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ohùn èèyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìtajà náà, ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe odi kí ẹ sì sá sí kọ̀rọ̀. Ẹ fún un láṣẹ díẹ̀ tó lè fi bu èènì fún ẹni tó bá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín pẹ́, tàbí kí ẹ̀yin fúnra yín jáde wá gbọ́ ẹjọ́.

Iye kan ṣoṣo tí a ń sọ yìí, ó ti wà nílẹ̀ wa kí òyìnbó tó dé. Àwọn baba wa a máa to iṣu tàbí ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà oko, wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye rẹ̀ hàn, wọ́n á sì bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹni tó ń kọjá á ka òkúta, á fi owó sílẹ̀, á gbé tirẹ̀. Bó bá wọ́n jù lójú rẹ̀, á rìn kọjá. Kò sẹ́ni tó ń bá òkúta jà, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tó dá iye náà kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó dá iye kò sí nídìí ẹ̀rọ ìṣirò náà. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Okun, bí ẹ bá wọ sọ́ọ̀bù lọ́la, ẹ kọ́kọ́ kí ọmọ tó wà níbẹ̀ kú iṣẹ́ kí ẹ tó béèrè owó. Bó bá lè dín in, ẹ ná an dáadáa bí àwọn ìyá yín ti ń ná an. Bí kò bá lè dín in, ẹ san án tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì dágbére fún un.