Bí Àtàrí Obìnrin Bá Ń Pá

Bí ọkùnrin bá pá lórí, ọ̀pọ̀ á kà á sí àmì àgbà, àwọn mìíràn á ní owó ló ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo ilé lẹ́nu. Gèlè kì í kúrò lórí rẹ̀ mọ́, kódà nínú yàrá. Bí ó bá fẹ́ jáde, wíìgì ni. Onídìrí rẹ̀ nìkan ló mọ àṣírí náà, òun náà á sì pa ẹnu mọ́. Ó dá mi lójú pé ìdákẹ́jẹ́ yìí ti ṣe àwọn obìnrin wa ní ibi púpọ̀, nítorí irun tó ń re ní àtàrí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Nígbà mìíràn, àìsàn tó wà lábẹ́ ara ló kọ́kọ́ yọjú síbẹ̀.

Àrùn tí mò ń wí yìí ni àwọn dókítà awọ ara ń pè ní central centrifugal cicatricial alopecia, tí wọ́n gé kúrú sí CCCA. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ló máa ń bá jà jù lọ. Àárín àtàrí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa fẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Awọ orí lè máa yún, ó lè máa ta, ó lè máa dunni bí a bá fọwọ́ bà á. Lára ẹlòmíràn, kò ní dùn ún rárá, ìgbà tí irun bá ti lọ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ohun tó mú un burú ni pé abẹ́ awọ ló ti ń ba ihò tí irun ti ń hù jẹ́, tí àpá á sì gba ipò ihò náà. Ibi tí àpá bá ti dí pátápátá, irun kò ní hù níbẹ̀ mọ́. Ó yàtọ̀ sí irun etí àti iwájú orí tó ń lọ nítorí dídì tó le jù. Ìyẹn lè padà hù bí a bá tètè jáwọ́ nínú ohun tó ń fà á.

Ní ọdún 1968, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa irú irun ríre báyìí lára àwọn obìnrin dúdú, wọ́n sì fi òòyà gbígbóná sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹn òòyà irin tí wọ́n ń yá lórí iná láti fi na irun. Láti ìgbà náà ni ẹjọ́ ti di ti obìnrin: òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun irun orí rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn dókítà rí àwọn aláìsàn tí kò fi òòyà gbígbóná kan orí wọn rí. Wọ́n wá yí ẹ̀sùn náà sí orí rìláásà, lẹ́yìn náà sí orí àtásímẹ́ǹtì. N kò sọ pé ọwọ́ àwọn wọ̀nyí mọ́; ohunkóhun tó bá ń fa irun tàbí tó ń jó awọ orí lè dá kún ìpalára. Ṣùgbọ́n bí a bá ti rí ẹni dá lẹ́bi, a kì í wá ìdí ọ̀rọ̀ mọ́.

Ọdún 2019 ni ìdí náà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kan jáde, àwọn tó wá láti Ísírẹ́lì, Amẹ́ríkà àti South Africa, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ncoza Dlova ti Yunifásítì KwaZulu-Natal sì wà lára wọn. Obìnrin 58 tó ní àrùn yìí ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n rí àléébù nínú jíìnì PADI3 lára 14 nínú wọn. Jíìnì yìí wà lára ohun tó ń mú kí irun rí bó ṣe yẹ kó rí bó ṣe ń hù jáde. Ìtumọ̀ èyí ni pé wọ́n lè bí ọmọbìnrin kan pẹ̀lú irun tó ti ní àìlera tirẹ̀, kí onídìrí kankan tó fọwọ́ kàn án.

Ọdún kan ṣáájú, Dókítà Crystal Aguh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ti yẹ àkọsílẹ̀ ìtọ́jú àwọn obìnrin dúdú tó ju 480,000 lọ wò. Fáíbírọ́ìdì, kókó inú ilé ọmọ, wà lára nǹkan bí 14 nínú 100 àwọn tó ní CCCA. Lára àwọn tí kò ní in, ó lé díẹ̀ ní 3 nínú 100. Ìwádìí náà kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ṣùgbọ́n nínú àrùn méjèèjì, ara ń kọ́ ẹran àpá ju bó ti yẹ lọ. Àwọn olùwádìí mìíràn sì ti rí i pé àtọ̀gbẹ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí àtàrí wọn pá báyìí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní irú àtàrí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ nínú ẹbí ni pé ayé ló mú irun rẹ̀. Àdín, òrí, òróró àgbọn, omi àlùbọ́sà, kò sí èyí tí kò fi pa á. Wọ́n gbé e lọ gba àdúrà, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rò ó láti ní kó lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Egbò ẹsẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná ló tú àṣírí àtọ̀gbẹ tó ti ń bá a gbé. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé okùn kan so orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, nítorí kò sí dókítà tó yẹ orí náà wò rí. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé ká ní ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ti gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, bóyá wọn ì bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà tí nǹkan kò tí ì bàjẹ́.

Ìdí rèé tí ìròyìn tó jáde ní ọdún 2024 fi wọ̀ mí lọ́kàn. Metformin ni oògùn tó wà nídìí rẹ̀, oògùn tí ọ̀pọ̀ àgbà wa tó ní àtọ̀gbẹ ń lò lójoojúmọ́. Ewéko ilẹ̀ Yúróòpù kan tó ń jẹ́ Galega officinalis ni ìmọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean Sterne, ló sì kọ́kọ́ ròyìn lílò rẹ̀ fún àtọ̀gbẹ ní ọdún 1957. Nínú sẹ́ẹ̀lì wa ni nǹkan kan wà tó ń jẹ́ AMPK, tó ń ṣọ́ bí ara ṣe ń ná agbára rẹ̀. Àwọn olùwádìí Johns Hopkins ti ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ AMPK ń lọ sílẹ̀ ní awọ orí àwọn tó ní CCCA, metformin sì máa ń ta AMPK jí. Wọ́n fún obìnrin 12 ní mílígíráàmù 500 lóòjọ́, ó kéré tán fún oṣù mẹ́fà. Orí tó ń yún, tó ń dunni, rọlẹ̀. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí àwọn 6 nínú wọn. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn dáwọ́ oògùn náà dúró, irun rẹ̀ tún padà lọ.

Ìrètí gidi ni èyí, ṣùgbọ́n ènìyàn 12 kéré, kò sì sí àwùjọ mìíràn tí kò lo oògùn tí a lè fi wọ́n wé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré lọ ra metformin ní kẹ́míìsì nítorí irun. Ó lè da inú rú, ó sì lè ṣe ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára ní jàǹbá. Kì í sì í ṣe gbogbo irun tó ń re ni ti CCCA. Àìtó irin nínú ẹ̀jẹ̀ lè fà á. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn ẹṣẹ́ tàìrọ́ìdì ní ọrùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni họ́mọ̀nù ọkùnrin tó pọ̀ jù lára obìnrin, tí nǹkan oṣù á máa ṣe ségesège, tí irùngbọ̀n á sì máa hù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìtọ́jú tirẹ̀. Dókítà tó bá yẹ awọ orí àti ẹ̀jẹ̀ wò ló lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Obìnrin tó ń fi gèlè bo àtàrí rẹ̀ rò pé òun nìkan ni, bẹ́ẹ̀ sì ni aládùúgbò rẹ̀ náà rò. Ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin lẹ ń kọ́kọ́ rí i. Bí irun àtàrí oníbàárà yín bá ń dín kù tàbí tí àtàrí náà bá ń dán, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un kó lọ rí dókítà, ẹ má sì dì í le fún un. Ẹ̀yin dókítà, bí ó bá dé, ẹ má ṣe sọ fún un pé ọ̀rọ̀ irun kò tó nǹkan. Ẹ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, kí ẹ sì bi í léèrè nípa ilé ọmọ rẹ̀. Àwọn yunifásítì wa náà gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí tiwọn lórí àwọn obìnrin wa níhìn-ín, kí a má máa dúró de ohun tí Baltimore bá rí. Ìwọ tí ó ń ṣe, má dúró kí àpá dí i. Kí àtàrí tó dán ni ìtọ́jú ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ.