Bí Mo Ti Ṣe Kọ́ Páàsì

Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti àárọ̀ ṣepin. N kò bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n ní ti bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì, àárọ̀ gan-an ni ojú tèmi ti ṣepin, ó sì pẹ́ kí n tó rí omi bọ́ ọ. Ìtàn bí mo ti ṣe bọ́jú náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Kì í ṣe ìtàn akọni. Bí ẹ bá ń retí pé n ó ka iye bọ́ọ̀lù tí mo jù sáwọ̀n fún yín, ẹ ṣí ìwé yìí sí ojú-ewé mìíràn.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ eré náà, nítorí èdè ni mo wá kọ́ níhìn-ín, bí n kò bá sì sọ ọ́, àwọn ọ̀gá mi yóò bi mí. Àwọn kan ń pè é ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn ní bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n. Orúkọ méjèèjì dára nínú ìwé, ṣùgbọ́n bí o bá fi wọ́n kígbe ní pápá tiwa, ẹnikẹ́ni kò ní yíjú sí ọ. Básíkẹ́ẹ̀tì ni à ń pè é. Bí ènìyàn bá sì ju bọ́ọ̀lù fún ẹnì kejì rẹ̀, páàsì ni à ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò ṣe pè wọ́n.

Láti ilé-ìwé girama ni mo ti ń gbá a. Ara mi yá, mo sì mọ̀ pé ó yá, èyí tí kò dára fún ọmọdé. Nígbà tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún 2023, kò pẹ́ tí wọ́n fi mú mi sínú ẹgbẹ́ eléré ilé tí a ń gbé. Bí mo bá ti gba bọ́ọ̀lù báyìí, ó di tèmi nìyẹn. N ó lù ú mọ́lẹ̀ kọjá ẹnì kan, n ó kẹ̀yìn sí ẹnì kejì, n ó fò sókè, àwọn tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá a sì hó yèè. Ariwo yẹn ni ó pa mí. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí ara rẹ̀, ojoojúmọ́ ni etí yóò máa rìn ín. Nǹkan méjì péré ni ojú mi ń rí nígbà náà: bọ́ọ̀lù tí ó wà lọ́wọ́ mi, àti irin tí ó wà lókè.

Ọmọ Ìkìrun kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò ga jù, kò sì yára, ṣùgbọ́n bí ó bá dúró ní igun pápá lápá òsì, tí ó sì rí àyè, ọwọ́ rẹ̀ kì í sábà tàsé. Ibẹ̀ ni ó máa ń sáré lọ nígbà gbogbo, yóò na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tí ó fẹ́ gba ọmọ tuntun. Nísinsìnyí ni mo mọ èyí. Nígbà náà, bí ẹ bá bi mí pé níbo ni ọmọ Ìkìrun máa ń dúró sí, n kò ní lè fèsì. Nígbà tí ó yá, kò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mo ní bóyá ìdánwò ni ó ń múra sí. Kí n má purọ́, n kò tilẹ̀ ronú nípa rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù keje ọdún 2024, mo fò sókè láàrin ènìyàn mẹ́ta, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ balẹ̀. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé méjì nínú ẹlẹgbẹ́ mi dá wà ní àkókò yẹn láìsí ẹni tí ń ṣọ́ wọn, wọ́n ń ké sí mi, n kò sì gbọ́. Ọrùn-ẹsẹ̀ mi wú bí búrẹ́dì. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà sáré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, àfi bí kóòṣì wa ti ránṣẹ́ pè mí. Àgbàlagbà ni, ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí kí a tó bí èyíkéyìí nínú wa. Ó fi ìwé kékeré kan àti bírò lé mi lọ́wọ́.

"Akọ́mọlédè," ni ó wí, nítorí orúkọ tí ó fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ nìyẹn, "iṣẹ́ rẹ nìyí. Má ṣe kọ orúkọ ẹni tí ó ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún mi. Gbogbo ayé ni ó rí ìyẹn. Ẹni tí ó dá wà tí wọn kò rí, òun ni kí o máa kọ sílẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, báwo ni n ó ṣe mọ̀ ọ́n?"

Ó ní, "Gbé ojú rẹ kúrò lára bọ́ọ̀lù."

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé iṣẹ́ kékeré ni èyí, ẹ lọ dán an wò. Ẹ dúró lẹ́bàá pápá èyíkéyìí, kí ẹ ní ẹ kò ní wo bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ojú ènìyàn dà bí ewúrẹ́ tí ó ti mọ ilé oníṣu. Bí o bá lé e lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò padà lẹ́ẹ̀kọkànlá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ìlà méjì péré ni mo kọ. Kóòṣì wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó dá ìwé padà fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí rí nǹkan. Mo rí i pé bí bọ́ọ̀lù bá wà lápá ọ̀tún, gbogbo àwọn tí ń ṣọ́nà ni ó ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀tún, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ń sún. Mo rí i pé èjìká ẹni tí ń ṣọ́ni ń sọ òtítọ́ ju ojú rẹ̀ lọ. Mo rí i pé ẹni tí ń sáré, a kì í fún un ní bọ́ọ̀lù níbi tí ó wà. Ibi tí ó ń lọ ni à ń jù ú sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bá a lẹ́yìn. Fífẹ̀ pápá náà jẹ́ mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ọmọ ènìyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè sá mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí bọ́ọ̀lù tí a jù tó dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ a sì máa rẹ̀, bọ́ọ̀lù kì í rẹ̀.

Láàrin ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí kan náà ni olùkọ́ wa ní kíláàsì ẹ̀kọ́ ìró èdè ní kí á pe "ó ń bọ̀," "ó ń tà," "ó ń kọ," kí á sì fiyè sí ẹnu wa. Lẹ́tà kan náà ni a kọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n nínú "ń bọ̀" ètè méjèèjì ti pàdé kí á tó dé orí b. Nínú "ń tà" iwájú ahọ́n ti kan èrìgì. Nínú "ń kọ" ẹ̀yìn ahọ́n ni ó ti gbéra lọ sókè. Ìró kékeré náà kì í dúró kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dé kí ó tó mọ ibi tí yóò lọ. Ó ti mọ̀ ọ́n ṣáájú, ó ti lọ dè é níbẹ̀. Ẹnu yà mí débi pé mo gbàgbé láti kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ sílẹ̀. Láti kékeré ni ẹnu mi ti ń ṣe páàsì láìtàsé, ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí pé n kò lè sáré, mo kàwé. Mo kà nípa James Naismith, ọmọ Kánádà, olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé-ẹ̀kọ́ YMCA ní ìlú Springfield ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó dá eré yìí sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1891. Agbọ̀n tí wọ́n fi ń kó èso ni ó kàn mọ́gi, ó pín ọmọkùnrin méjìdínlógún sí ọ̀nà méjì, ó sì fún wọn ní òfin mẹ́tàlá. Òfin kan nínú wọn ni ó mú mi lọ́kàn: ẹni tí ó bá gba bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ gbé e sáré, ibi tí ó ti gbà á ni kí ó ti jù ú. Ẹ ò rí i pé páàsì ni eré náà látilẹ̀wá! Gbogbo bí mo ti ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ tí mo ń pè é ní básíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn ni wọ́n ti mú ìyẹn wọlé.

Mo kà nípa Hakeem Ọlájùwọ́n pẹ̀lú, ọmọ Èkó, tí ó wọ ẹgbẹ́ Houston Rockets ní ọdún 1984. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n mọ bọ́ọ̀lù tí ó ń gbá dànù lókè àti bí ó ti ń yí ènìyàn lójú po lábẹ́ irin. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, páàsì tí ó ń yọrí sí kí ẹlòmíràn ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n kò ju 1.4 lọ ní eré kọ̀ọ̀kan. Ní sáà 1993 sí 1994, ó ti di 3.6. Sáà yẹn ni ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì tún gbà á ní ọdún 1995. Ènìyàn méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, ni ó ń dì mọ́ ọn. Ó kọ́ ọ pé bí méjì bá wà lára òun, ẹnì kan ti dá wà níbì kan. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè kọ́ ọ lẹ́yìn tí ó ti lókìkí, kí ni tèmi?

Ṣùgbọ́n ìwé kékeré ọwọ́ mi ni ó kó ìdààmú bá mi jù. Nígbà tí mo ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀, "igun òsì, igun òsì, igun òsì" ni ó kún inú rẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ń dúró síbẹ̀ nígbà náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bi ara mi léèrè ẹni tí ó máa ń dúró níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo tiro lọ sí yàrá ọmọ Ìkìrun ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó ń mu gàrí. Ó ní kí n wá jẹun, mo ní ó tó. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi wá sí pápá mọ́.

"Ṣé eré sísá ni mo ń wá kọ́ níbẹ̀ ni?" ni ó wí. "Bí ó bá jẹ́ eré sísá ni, ọ̀nà oko wa jìn tó. Ní eré tí mo gbá kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mélòó ni o fún mi ní bọ́ọ̀lù?"

Mo dákẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ ni ó yọ̀ tí bọ́ọ̀lù fi bọ́ sí mi lọ́wọ́."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ife kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi wá wo eré ọjọ́ náà. Láti Ìkìrun ni wọ́n ti wọkọ̀ wá. Wọ́n jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Nígbà tí mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀, wọ́n bi mí bóyá èmi ni wọ́n fi ṣọ́ igun pápá yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ."

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ní kí ó má bínú. Ó ní kò sí nǹkan, ó ti tán, ó sì gbé ife gàrí rẹ̀. Kò sọ pé òun yóò padà wá, èmi náà kò sì lè bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ìwé kékeré náà sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó rí i ní pápá. N kò bi í ní ìdí rẹ̀, kò sì sọ fún mi. Ìwé náà wà lọ́wọ́ kóòṣì. Ta ni ó fún un, n kò mọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé nígbà tí ẹsẹ̀ mi san, mo di ọ̀gá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ojú ti ríran, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tíì gbọ́n. Páàsì mi àkọ́kọ́ gbá ẹnì kan nímú. Òmíràn jáde kúrò ní pápá lọ bá ìyá tí ń ta ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe àṣejù sí òdìkejì: mo ń fúnni ní bọ́ọ̀lù nígbà tí ó yẹ kí n jù ú fúnra mi, bí ẹni tí ń san gbèsè. Kóòṣì pariwo pé, "Akọ́mọlédè, n kò ní kí o máa ṣe sàárà o!" Díẹ̀díẹ̀ ni mo kọ́ bí a ti ń gbé orí sókè nígbà tí ọwọ́ ń lu bọ́ọ̀lù, bí a ti ń wo ọ̀tún kí ẹni tí ń ṣọ́ni lè lọ sí ọ̀tún, àti bí a ti ń fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ ní itòsí ẹni tí yóò gbà á, kí ó lè gbéra bọ́ sí i láyà.

Ní ọdún 2025, a bá ilé kan figa gbága. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, wọ́n fi ọ̀kan jù wá, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ ariwo àtijọ́ yẹn, wọ́n ń pe orúkọ mi. Ènìyàn mẹ́ta yọ sí mi. N kò wo igun òsì, nítorí mo mọ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Mo fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ àwọn méjì, ó sì gbéra bọ́ sí ọwọ́ ọmọ Ìkìrun, ọwọ́ méjèèjì tí ó nà síwájú. Àyè gbà á. Ó jù ú bí ó ti yẹ. Bọ́ọ̀lù náà yí irin po lẹ́ẹ̀kan, ó tún fẹ́ yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó sì jábọ́ síta.

Wọ́n bú mi lọ́jọ́ náà. Kí ló dé tí n kò jù ú fúnra mi? Àwọn kan tí n kò mọ̀ rí tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, wọ́n ń béèrè. Ọmọ Ìkìrun kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó kó bàtà rẹ̀ sínú àpò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo dé pápá ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo rò pé èmi ni n ó kọ́kọ́ dé. Ó ti wà níbẹ̀. Ó ń ju bọ́ọ̀lù láti igun òsì, bí ó bá jù ú tán, òun náà ni yóò sáré lọ mú un wá. Mo lọ dúró sábẹ́ irin. Bí bọ́ọ̀lù bá ti jábọ́, n ó gbà á, n ó sì jù ú padà sí i, títí ilẹ̀ fi ṣú tí a kò rí àwọ̀n mọ́.