Sísì Ayé Ìjọ́un àti Ẹja Ọjà Olúwo

Ẹni tó bá fẹ́ rí Ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ bó ṣe rí gan-an, kó má dúró di ìgbà tí oòrùn bá ti ga. Àárọ̀ kùtù lọjà ẹja. Etí ọ̀sà ni ọjà yìí wà, omi ni ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń gúnlẹ̀ làwọn ìyá ẹlẹ́ja á ti gbá ìró mọ́ ìdí, tagbọ̀n-tagbọ̀n, kálukú á máa wo ọwọ́ apẹja tó ń gbé ẹja fún un. Òbòkún ń bẹ, àrọ̀ ń bẹ, epìyà ń bẹ, edé àti akàn ò gbẹ́yìn. Ìgbín ibẹ̀ tóbi bí ìkúùkù. Ẹlòmíì ò rí ọ̀nì sójú rí àfi lọ́jọ́ tó dé Olúwo. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọwọ́ òun rùn, àwọn tó ń ha ìpẹ́ wà níbẹ̀. Wọ́n á ha á, wọ́n á la inú rẹ̀, wọ́n á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, oníbàárà á kàn gbé e sínú ìkòkò ni.

Orí iye ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, èló ni òbòkún yìí?"

Màmá á pe owó. Oníbàárà á gbọ́wọ́ lérí. "Háà! Ẹja kan ṣoṣo yìí? Ìyá mi àgbà sọ pé sísì kan ni wọ́n ń ra irú ẹ̀ láyé Òyìnbó!"

Àwọn tó wà nítòsí á bú sẹ́rìn-ín. Màmá ẹlẹ́ja náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. "Ọmọ mi, lọ mú sísì náà wá, màá ta á fún ẹ."

Kò sí ọjà tí wọn ò ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ló máa ń ní ayé dùn nígbà kan, pé sísì tó ná, pé tọ́rọ́ tó jẹun. Ǹjẹ́ òótọ́ ni? Ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì tó kù ni wọn kì í sọ.

OWÓ TÓ NÍHÒ LÁÀÁRÍN

Àwọn ọmọ ìsìnyí ò mọ owó ayé ìjọ́un. Onínì ló kéré jù, ó níhò láàárín. Mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Épìnì náà níhò, kọ́bọ̀ pàápàá níhò. Nítorí ihò yìí làwọn obìnrin fi lè fi okùn sín owó wọn pọ̀, bí wọ́n ṣe ń sín owó ẹyọ tẹ́lẹ̀. Kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ́, mẹ́fà ni sísì, méjìlá ni ṣílè. Ogún ṣílè ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Ẹni tó bá wá ní pọ́n-ùn kan lọ́wọ́, òjìlénígba kọ́bọ̀ ló ní yẹn. Ó ti dẹni tí wọ́n ń kí.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà dé. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì wá di kọ́bọ̀ márùn-ún. Orúkọ kọ́bọ̀ kò kú, ara rẹ̀ ló yí padà.

LẸ́YÌN OGUN HITLER

Ní 1945 ni ogun parí. Jámánì túúbá ní oṣù karùn-ún, Jàpáànù túúbá ní oṣù kẹjọ. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Gbogbo èèyàn ló rò pé bí ìbọn ti dákẹ́, ọjà á rọ̀. Kò rọ̀. Iyọ̀ tó ti di góòlù nígbà ogun kò tètè pọ̀. Aṣọ wọ́n, epo òyìnbó wọ́n. Àwọn ilé ìtajà òyìnbó kan tilẹ̀ gbé àṣà burúkú dé: bí obìnrin bá fẹ́ ra ọjà tó ń yá, wọ́n á ní àfi kó ra èyí tí kò yá mọ́ ọn. Aṣọ lo fẹ́, wọ́n á di nǹkan tí o ò béèrè mọ́ ọn. Àdánù wọn ni wọ́n ń gbé lé ẹlẹ́rù lórí.

Ẹ̀pẹ́ ìgbà náà kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń fi mọ́tò wọ̀ bó ṣe ń gba Lẹ́kí wọ̀ ọ́ lóde òní. Omi ni títì. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àti ọkọ̀ èéfín ló ń kó èrò àti ẹrù gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹbúté Èrò l'Ékòó. Ọ̀nà omi yìí kan náà ni Kòsọ́kọ́ gbà wá sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, nígbà tí ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀pẹ́ fi ní apá méjì títí dòní, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́. Ọdún Kayokayo làwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bíbọ̀ náà. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ l'Ékòó lónìí, àwọn ọlọ́kọ̀ á ti gbé e dé etí omi Ẹ̀pẹ́ lọ́la. Ọ̀rọ̀ tó sì gbilẹ̀ jù nígbà ogun ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹtírólù.

ẸLẸ́JA TÓ KỌJÚ SÍ ÌJỌBA

Láti 1941 ni ìjọba Òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iye sórí oúnjẹ l'Ékòó. Ọ̀gá tó ń bójú tó o ni Captain Pullen, gàrí ló sì dá ìjà sílẹ̀ jù. Ìjọba ní iye báyìí ni kí wọ́n ta á, ẹni tó bá kọjá iye yẹn, kóòtù ni. Ṣùgbọ́n ìjọba ò bá ẹnikẹ́ni san owó ọkọ̀, kò bá a san owó aláàárù, kò sì wo iye tí obìnrin náà rà á lóko. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Gàrí sá kúrò lọ́jà. Òru ni wọ́n ń tà á, owó rẹ̀ sì tún wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ta ló wá dìde? Ẹlẹ́ja ni! Ìyá Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, tó ń ta ẹja l'ọ́jà Èrékò, ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Ìyá yìí ò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò. Ní oṣù kejìlá ọdún 1940, nígbà tí ìjọba ní kí obìnrin tí owó rẹ̀ lọ́dún bá ju àádọ́ta pọ́n-ùn lọ máa san owó orí, òun ló kó àwọn obìnrin jáde. Wọ́n ti ọjà, wọ́n wọ́ lọ bá ìjọba. Ìjọba sún un dé igba pọ́n-ùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ gàrí dé, ìyá náà ò tún gbà. Wọ́n fi owó lọ̀ ọ́ pé kó bá ìjọba ṣe é, ó lóun ò ní gbowó kí òun fi ebi pa ìlú òun. Ní 1945 ni kọ̀ǹtírólù orí oúnjẹ ilẹ̀ wa tó kógbá sílé. Ìyá Pẹlẹ́wùrà kú ní 1951.

L'Ábẹ́òkúta náà, ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin àti owó orí ló bí ìjà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú. Ìjà ọ̀hún le débi pé Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949.

ÌṢIRÒ SÍSÌ

Ibi tí ọ̀rọ̀ sísì ti wá yé èèyàn nìyí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ti rélùwéè ló ṣíwájú, Michael Imoudu ni aṣáájú wọn. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà ju oṣù kan lọ. Kí ni wọ́n ń béèrè? Wọ́n ní kí ìjọba fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n oúnjẹ, kí ó sì má ṣe sí òṣìṣẹ́ tí yóò gbà kéré sí ṣílè méjì àti sísì kan lóòjọ́.

Ẹ fara balẹ̀ ṣírò ó. Ṣílè méjì àti sísì, ọgbọ̀n kọ́bọ̀ nìyẹn. Sísì márùn-ún péré! Ohun tí wọ́n ń jà fún nìyẹn o, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì máa gbà. Bí ẹja kan bá wá jẹ́ sísì kan lóòótọ́, ìdá kan nínú márùn-ún òógùn ọjọ́ kan ti lọ sórí ẹja. Gàrí ńkọ́? Epo ńkọ́? Owó ilé ńkọ́? Nítorí náà, sísì ò kéré. Ẹni tó bá ń na sísì sórí ẹja láyé ìjọ́un, èèyàn ńlá ni.

Ó yẹ kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n kan náà lóde òní. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ fi owó oṣù tó kéré jù sí ₦70,000, Èkó sì fi tirẹ̀ sí ₦85,000. Bí ẹni tó ń gba ₦85,000 bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, nǹkan bíi ₦3,270 ló ń já sí lóòjọ́. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ò ju bíi ₦650 lọ. Sísì tòní nìyẹn. Kí ẹni tó bá ti dé Olúwo láìpẹ́ yìí sọ irú ẹja tó lè fi rà.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Oníbàárà tó ń pariwo sísì ò purọ́ pé ara ń ni òun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá tó jókòó sídìí agbọ̀n ló gba sísì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọ̀n ni wọ́n ń rà, bẹntiróòlù ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń mu, yìnyín ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹja, ọlọ́kọ̀ ń gba tirẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, èyí tí kò bá tà á lọ sórí iná. Ẹja ò mọ sùúrù.

ORIN Ò GBẸ́YÌN

Kì í ṣe ìyà nìkan làwọn èèyàn ìgbà náà jẹ. Wọ́n fi orin àti eré sọ ọ́ dẹ̀rín. Ọdún 1945 tí òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ yẹn gan-an ni Hubert Ògúndé, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, gbé eré Strike and Hunger jáde. Ẹni tó wo eré náà mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Àwọn aláṣẹ l'ókè Ọya pàápàá mọ̀, wọn ò jẹ́ kí ó rọrùn fún un ní Jọ́ọ̀sì.

Rẹ́kọ́ọ̀dù ti wọ̀lú. Ẹni tó bá ní gíráámáfóònù, ilé rẹ̀ ò lófo lálẹ́. Àyìndé Bákàrè ń kọ jùjú, sákárà ń dún níbi ìnáwó, Hàrúnà Ìṣọ̀lá náà sì ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù àpàlà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1948. Bí Ààwẹ̀ bá dé, àwọn ọ̀dọ́ á máa fi wéré jí àwọn èèyàn sí sààrì. Nínú wéré yìí ni fújì ti jáde nígbà tó yá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Olúwo, ẹ tètè lọ, ẹ mú àpò tó lágbára dání, ẹ kí àwọn ìyá ibẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó ná ọjà. Ẹ ná an, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ná an. Wọ́n á dín in, wọ́n lè fi edé díẹ̀ ṣe ẹ̀nì pàápàá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ sísì bá fẹ́ bọ́ lẹ́nu yín, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rántí ọgbọ̀n kọ́bọ̀ tí àwọn baba yín torí ẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ owó kọ́ ló ń sọ bí ọjà ṣe wọ́n tó. Iṣẹ́ òòjọ́ ló ń sọ ọ́.