Ìrìnàjò sí Ilẹ̀ Ọkà Bàbà

Ní oṣù Ògún, nígbà tí òjò ń sinmi díẹ̀ ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ni mo dágbére fún ará ilé, tí mo kọjá Odò Ọya ní Jẹ́bà, tí mo sì forí lé ìpínlẹ̀ Kánò, kí n lè fi ojú ara mi rí ohun tí ajílẹ̀ abẹ̀mí ń ṣe fún ọkà bàbà ní ilẹ̀ tí òjò kì í rọ̀ ju nǹkan bí oṣù mẹ́rin lọ lọ́dún.

Ní agbègbè Bunkure, àgbà Àlàájì tó gbà mí lálejò fi ọkọ́ wú ìdí sóyà kan, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù. Gbòǹgbò rẹ̀ kún fún kókó wóróworó. Bàbá fi èékánná la ọ̀kan, inú rẹ̀ pọ́n. Pípọ́n yẹn ni àmì pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́: wọ́n ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún sóyà, sóyà sì ń bọ́ wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Nígbà ìgbìn, oje igi ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n fi ń rin irúgbìn sóyà, kí wọ́n tó po NoduMax mọ́ ọn. NoduMax yìí ni ajílẹ̀ abẹ̀mí náà, ìyẹ̀fun dúdú tí irú kòkòrò àìfojúrí wọ̀nyẹn wà nínú rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ṣe ní Ìbàdàn. Ibòji ni wọ́n ń sá irúgbìn náà sí, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ń gbìn ín, nítorí oòrùn a máa pa ohun abẹ̀mí inú ajílẹ̀ náà.

Mo ní kí ògbufọ̀ bá mi bi í pé, “Bàbá, ọkà ni mo tìtorí rẹ̀ wá, kí ni ti sóyà?” Ó tọ́ka sí oko tí sóyà wà lọ́dún tó kọjá: ọkà bàbà ibẹ̀ dúdú minimini, igi rẹ̀ sì ki. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ọkà ti ń tẹ̀lé ọkà lọ́dọọdún, ewé ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èpò olódòdó àlùkò tí àwọn Háúsá ń pè ní kuduji sì ti so mọ́ gbòǹgbò, ó ń mu ọkà. Gbòǹgbò sóyà a máa jí irúgbìn èpò yìí, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tí yóò so mọ́, yóò sì kú. Ewé àti gbòǹgbò tí sóyà fi sílẹ̀ a sì jẹrà di oúnjẹ fún ọkà. Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí, a máa san oore fún ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀.

Kì í ṣe pé èyí tó tán; ilẹ̀ tó ti ṣá ṣì ń fẹ́ ajílẹ̀ súpà. Ṣùgbọ́n fún àgbẹ̀ tí apá rẹ̀ kò ká àpò ajílẹ̀ ńlá, ọ̀nà nìyí. Kí ìjọba àti oníṣòwò rí i pé ajílẹ̀ abẹ̀mí dé ọwọ́ rẹ̀ ní tútù kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, nítorí bí ohun abẹ̀mí náà bá kú sọ́jà, ìyẹ̀fun lásán ni àgbẹ̀ fi owó rà.