Ariwo Nìkan Kọ́

Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wa ń pariwo, la bá gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń ṣe sàlẹ́ńsà. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní: “Pásítọ̀, catalyst ò sí níbí. Páìpù lásán ni wọ́n jó sí i, ó sì ti lu.”

Ojú tì wá. Àwa la tà á lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tá a ní Ọlọ́run ló pèsè owó. A ò mọ̀ pé òun ló ń dín oró èéfín kù. Orí ń fọ́ àwọn ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn, àdúrà là ń gbà fún wọn! Èéfín ló ń wọlé.

A ti jó ihò náà pa. A ń tu owó jọ ra òmíràn. Ẹ dárí jì wá. Ẹ gbàdúrà o, àmọ́ ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ náà.